Alárinà Orí Ibùsùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí irọ́ ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ Tẹjúmádé àti Dìran. Àwọn kan ní oògùn ìfẹ́ ni. Àwọn kan ní ọmọbìnrin yẹn ló lọ ká ọkùnrin mọ́lé. Lóòótọ́, ó lọ bá a nílé, ṣùgbọ́n omi gbígbóná àti adí ló gbé dání, ìbínú ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kẹrin ni lẹ́yìn tí a lé àwọn ọmọ ogun Ìdàhòmì sẹ́yìn lẹ́bàá odi ìlú wa. Tẹjúmádé, ọmọ Ìtòkò, ti ń sún mọ́ ogún ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta epo, wọ́n ń hun aṣọ. Òun, ilé àwọn tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ló ń lọ. Kùdírátù, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí kí ojú tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì: bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹni tí kò lè dìde, bí wọ́n ṣe ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà bó, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kó má baà pá a lórí. Kùdírátù a máa sọ fún un pé, "Àwọn oníṣègùn ni wọ́n ń bá àìsàn jà. Àwa, ẹni tí àìsàn náà dá dùbúlẹ̀ ni tiwa. Bó máa yè, kó yè ní mímọ́. Bó máa kú, kó kú ní mímọ́, kó má sì dá wà."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Kémta, sí ilé Ìyá Aláró. Ta ni kò mọ Ìyá Aláró nígbà náà? Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó lè gbó, kò ní ṣá. Etí ìkòkò aró ló wà lọ́jọ́ tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kú mọ́ ọn lára, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníṣègùn mẹ́ta ti wá, wọ́n ti lọ. Ẹni tó kẹ́yìn ò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ó ní ìyá náà kò ní rí ọdún tó ń bọ̀.

"Gbogbo ọkùnrin ilé, ẹ jáde," ni Tẹjúmádé wí bó ṣe ń wọlé.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, kò sì mira. Ó kúnlẹ̀ ti ìyá náà, ó ti ká apá aṣọ sókè, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n," ni ọkùnrin náà wí. "Ọmọ ọmọ wọn ni mí, Dìran; àwọn ló bí bàbá mi. Ìyá tó bí mi ti kú. Àwọn ìyàwó bàbá mi wà lóko ní Alábàtà, wọ́n gbọ́, wọn ò yọjú. Ta ni kó wẹ̀ wọ́n?"

Nínú gbogbo ilé tí Tẹjúmádé ti wọ̀, kò tíì rí ọkùnrin tó ń ṣe èyí rí. Ó wù ú. Ṣùgbọ́n bó ṣe yí ìyá náà padà, ó rí egbò tó là sí ìbàdí ọ̀tún, inú bí i.

"Ta ló ní kí ẹ máa fi wọ́n sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni."

"Ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn náà ló ń jẹ wọ́n lára yìí! Ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé aláró, bí ẹ bá sá aṣọ, ṣé ẹ kì í yí i ni?"

Dìran wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Géńdé ọkùnrin, káfíńtà tó ń fi èjìká ru pákó, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Theophilus ará Sàró ní Aké, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Kò jiyàn, kò sì wá àwáwí.

"Kọ́ mi," ló wí.

Ibẹ̀ ni ohùn kan ti jáde láti orí ẹní, ohùn tó ń fà, tó sì yè kooro. "Kọ́ ọ, ọmọ mi. Ó gọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àánú."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Láràárọ̀ ni Tẹjúmádé ń lọ sí Kémta. Àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn ìyá náà, Tẹjúmádé á kà á, "Ení, èjì, ẹ̀ta," wọ́n á yí i. Wọ́n á fi adí pa á lára, wọ́n á fún un lẹ́kọ mu. Kí oṣù méjì tó pé, egbò yẹn ti jinná. Dìran kan ibùsùn kan tí apá ibi orí rẹ̀ ga, kí Ìyá Aláró lè jókòó díẹ̀, kó lè máa wo àgbàlá, kó lè máa bú àwọn tó ń rẹ aṣọ nínú ìkòkò rẹ̀ láìro aró dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé e, ó fi gbogbo òwúrọ̀ bú èèyàn, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Inú Tẹjúmádé náà ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Bó bá ń bọ̀ láti Ìtòkò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá jù. Bó bá ń padà lọ, ó ń wúwo. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé aláìsàn ni mò ń lọ tọ́jú ni àbí ẹlòmíràn?" Ó mọ èsì. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń fi ìka wo bí omi ṣe gbóná tó kó tó fi kan ara ìyá náà. Ṣùgbọ́n Dìran ò sọ nǹkan kan, òun kọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí, obìnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ó wá ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà, ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti jẹ́ hẹn nítorí rẹ̀, tó ti di àfẹ́sọ́nà, kì í fojú kan ọkọ mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó bá pàdé ọkọ náà lọ́nà, tàbí ẹnikẹ́ni nínú ará ilé rẹ̀, yóò fi aṣọ bojú, yóò sì sá pamọ́. Ní ọjọ́ ọjà Ìtòkò, Tẹjúmádé ń ra ọṣẹ. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá Dìran tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa ìborùn bojú, ó ti bẹ́ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ilá!

"Ta lo ń sá fún?" ni alápẹ̀rẹ̀ bi í. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó kígbe. "Háà! Bàbá Dìran, ẹ máa rọra o! Ìyàwó yín nìyí, ó ń sá fún yín!"

"Ìyàwó wo?" ni bàbá náà bèèrè, ó ń wo apẹ̀rẹ̀ ilá bí ẹni pé ìyàwó máa ti inú rẹ̀ jáde.

Ọjà pa ẹ̀rín. Ẹni tí ẹnikẹ́ni nílé Dìran ò tíì tọrọ, tó ti ń sá fún àna! Tẹjúmádé sáré délé, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ta ló ti ilé Dìran wá tọrọ rẹ?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè. "Ta ló jẹ́ hẹn? Ṣé èmi ni mo jẹ́ hẹn lójú oorun ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é."

"Ìyẹn ló burú jù. Ó ti dénú ẹ̀jẹ̀ rẹ nìyẹn! Ọlálẹ́yẹ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn èèyàn rẹ̀ ti wá tọrọ rẹ."

Kò sí aleébù lára Ọlálẹ́yẹ. Ó ń ta epo, ó ń kí èèyàn dáadáa, kì í pariwo. Bí Tẹjúmádé bá ti ń ronú nípa rẹ̀, oorun á máa kùn ún.

Ẹ̀rín ọjà yẹn ló la Dìran lójú. Ní ọjọ́ kejì, ó rán Títílọlá, ọ̀rẹ́ Tẹjúmádé, gẹ́gẹ́ bí alárinà. Bàbá Tẹjúmádé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá rẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ilé tí ikú ti ń kanlẹ̀kùn," ló wí. "Tẹjú, gbọ́. Bí ìyá yẹn bá kú lẹ́yìn tí o wọlé, kí ni ayé máa wí? Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ìyàwó ò dára. Wọ́n á ní o wọlé, òkú jáde. Orúkọ yẹn kì í kúrò lára obìnrin láéláé. Ohun mìíràn sì tún wà. Lọ́jọ́ tí a bá jẹ́ hẹn fún Dìran, o ò tún gbọdọ̀ tẹ ilé wọn mọ́ títí dìgbà tí wọ́n bá gbé ọ wọ̀ ọ́. Ta ni yóò máa wẹ ìyá náà?"

Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ó dára. Ọjọ́ kẹsàn-án òní la máa fèsì, bóyá Dìran ni, bóyá Ọlálẹ́yẹ ni. Ẹnu ọmọ yìí la máa ti gbọ́ ọ."

Ẹ wo ìdààmú! Bí ó bá sọ pé òun ò fẹ́ Dìran, ó pàdánù ọkùnrin tó fẹ́ràn. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ ẹ, ó fi ìyá náà sílẹ̀ lórí ẹní láàárín oṣù díẹ̀ tó kù fún un láyé. Egbò á là padà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á fi ẹ̀kọ pá a lórí. Tẹjúmádé rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì.

Ní ọjọ́ kẹfà, bí wọ́n ṣe ń yí Ìyá Aláró, Dìran kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Títílọlá ní o ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mi ò lè sọ nǹkan kan."

"O ò fẹ́ mi?"

"Bí mo bá ní mo fẹ́ yín, ta ni yóò máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ tí mo wà yìí? Ẹ̀yin nìkan ò lè yí wọn. Ẹ má bi mí mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Dìran gbọ́ "ẹ má bi mí mọ́" yẹn, kò gbọ́ ìyókù. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ dìde.

"Jókòó, òmùgọ̀!" ni Ìyá Aláró wí. "Ṣé ẹ rò pé etí mi náà kú ni? Ọmọ yìí ń sọ pé òun fẹ́ ọ, ìwọ ń bojú jẹ́. Tẹjú, nu imú rẹ. Ẹ gbọ́ mi. Àfẹ́sọ́nà ń sá fún ọkọ. Ó ń sá fún bàbá ọkọ. Ta ni kì í sá fún?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Alárinà ńkọ́! Ọ̀dọ̀ alárinà ló ń lọ nígbà tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó lè bi í pé kí ló ń wá. Ẹ sọ fún Títílọlá pé mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìyá, ẹ ò lè rìn," ni Tẹjúmádé wí.

"Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe alárinà? Ẹnu ni. Ẹnu mi wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jáde níbẹ̀. Tẹjú, lọ pe ìyá rẹ wá. Kó wá bá àgbà níbi tó wà."

Ìyá Tẹjúmádé wá. Gbogbo ọ̀nà láti Ìtòkò ló fi ń tún ọ̀rọ̀ tó máa fi kọ̀ sọ lẹ́nu. Ó ti múra sílẹ̀ fún òórùn, ó ti di etí ìborùn rẹ̀ mú láti fi bo imú. Ó wọ yàrá náà, kò gbọ́ òórùn kankan àfi ti ọṣẹ. Ó rí ìyá arúgbó kan tó jókòó lórí ibùsùn gíga, irun rẹ̀ dídì, ara rẹ̀ ń dán fún adí.

"Ẹ kú ilé, Ìyá. Ẹ kú ara àìle."

"Ara mi le. Apá kan ni kò le. Jókòó."

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó tó àkókò láti yí i. Ìyá Tẹjúmádé jókòó lórí àpótí, ó ń wò. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń kà á, ó wo ọkùnrin yẹn tó ń gbé ìyá bàbá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń na aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kí ó má ká. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Nígbà tí ogun tú ilé wa àtijọ́, ọmọdé ni mí," ló wí. "Ojú ọ̀nà ni ìyá mi dùbúlẹ̀ sí. Kò tíì kú o. Wọ́n ní ká máa sá. A fi ewé bò ó, a sì sá. Mi ò sọ ọ́ fún Tẹjú rí." Ó bú sẹ́kún. Tẹjúmádé fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ sunkún.

Ìyá Aláró jẹ́ kí wọ́n sun ún dáadáa. Ó wá ní, "Ẹ̀rù wo ló ń bà ọ́ gan-an, ìyá Tẹjú?"

"Ẹsẹ̀ ìyàwó ni, Ìyá. Ohun tí wọ́n máa wí lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ."

"Ìyẹn nìkan? Dìran, ṣí ilẹ̀kùn. Pe àdúgbò."

Wọ́n wá, ẹni tó wá àti ẹni tó yọjú. Ìyá Aláró na ọwọ́ ọ̀tún. "Ẹ̀yin ará Kémta, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tí mo ṣì ní ẹnu. Mo ti ń kú lọ kí ọmọ yìí tó dé. Òun ló dá mi dúró tí mo fi ń bú yín. Nígbà tí mo bá lọ, ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló pa mí, màá padà wá yọ ọ́ lẹ́nu!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ẹ ó pẹ́ fún wa, Ìyá." Ìyá Tẹjúmádé náà rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kò ní lọ láìfi nǹkan kan lélẹ̀: "Alárinà nìkan ni kó máa rí. Bí ó bá fojú kan Dìran pẹ́nrẹ́n, mo ti mú un lọ sílé."

Báyìí ni wọ́n ṣe jẹ́ hẹn ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọlálẹ́yẹ gbọ́, kò bínú. Kí oṣù tó parí ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, oorun ò sì kun ìyẹn rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Kémta láàárọ̀! Dìran so aṣọ aró kan rọ̀ láti òkè àjà, aṣọ náà wálẹ̀ sí àárín ibùsùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà Ìyá Aláró. Tẹjúmádé wà ní apá kan aṣọ, ọkọ wà ní apá kejì. Kí Dìran tó wọlé, yóò wúkọ́ ní ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí àyà ń dùn. Bàbá rẹ̀ náà ń wúkọ́. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé irú ikọ́ wo ló gba ilé náà kan.

"Ení," ni Tẹjúmádé máa ń wí láti ẹ̀yìn aṣọ.

"Èjì," ni ohùn kejì máa ń wí.

Wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn ìyá náà, ibẹ̀ ni ìka á ti kan ìka. Kò sí àṣà kankan tó sọ̀rọ̀ ìka.

"Ẹ̀ta!" ni Ìyá Aláró fúnra rẹ̀ á kígbe. "Ẹ̀ta, mo ní! Ẹ̀yìn mi lẹ fi ń ṣeré!"

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọ́n gbé ìyàwó. Àwọn obìnrin Ìtòkò kọrin sìn ín dé Kémta nírọ̀lẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe, wọ́n gbé igbá omi wá láti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Ìyàwó àgbà ilé, tó ti dé láti Alábàtà nígbà tó gbọ́ oúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Aláró ní kó dìde. Wọ́n gbé ìyá náà jáde tibùsùn-tibùsùn. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi, ó fi ìka wo bó ṣe gbóná tó, ó sì wẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ gan-an, kò sì sẹ́ni tó kán an lójú.

"Ẹ kú aájò, Ìyá," ni Tẹjúmádé wí.

Ìyá Aláró lo oṣù mẹ́rin sí i láyé. Ọdún tí oníṣègùn ní kò ní rí, ó rí i. Ọ̀sán gangan ló lọ, ìyàwó lọ́tùn-ún, ọkọ lósì, kò sí aṣọ láàárín. Ó ń bú ẹni kan lọ́wọ́ ni. Wọ́n dúró kó parí èébú náà, kò parí rẹ̀.

Òkú àgbà ni, ijó ni wọ́n jó. Láàárín ijó náà, obìnrin kan tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá náà pe àdúgbò rọra sọ fún èkejì rẹ̀ pé ìyàwó tuntun ò tíì lo ọdún kan nínú ilé yìí, wọ́n ti gbé òkú jáde. Ó rò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ìyá Tẹjúmádé ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọmọ tèmi?" Ó dá ijó dúró. Ó gbé ohùn sókè tí gbogbo agboolé gbọ́. "Tẹjú! Dìran! Ẹ wá síbí. Lójú obìnrin yìí ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó bá kàn mí, tí mi ò lè dìde mọ́, ẹ má ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ilé yìí ni kí ẹ gbé mi wá, kí ẹ̀yin méjèèjì máa yí mi."

Tẹjúmádé kúnlẹ̀, Dìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá wọn ò dúró gba ìkíni. Ó ti padà sínú ijó.